Bí Ẹ Ṣe Máa Kọ́ Wọn Lórin Írẹ́láǹdì ní Káàmpù Sọ́mà Láì Ya Wèrè Kó Tó Di Fúráìdé

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí sí káàmpù kan pé kí n wá kọ́ àwọn èèyàn ní fiddle, ìyẹn fayolín tí wọ́n fi ń ta orin ijó, ọ̀sẹ̀ kan péré, kíláàsì méjì láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, mo ní kí n fi hàn wọ́n pé mo mọ iṣẹ́ mi, ni mo bá tẹ orin 22 sórí pépà, mo dì í, mo tì í sínú báàgì, ẹrù pépà yẹn wúwo ju aṣọ mi lọ. Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, orin mẹ́rin la ṣì wà, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an ń mì bí eyín àgbà. Ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, irun rẹ̀ ti funfun, ó ní tíṣà, orin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní Mọ́ńdè ti lọ lórí mi, báwo ni mo ṣe máa rí i padà? Pépà wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ó mú un dání níwájú mi níbẹ̀. Kò kàn sí orin nínú pépà yẹn fún un ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé inú etí lèèyàn ti ń gbé orin yìí lọ sílé, gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ síbí, orí ìyẹn ló dúró lé. Àwa tá a dàgbà sílé tí wọ́n ti ń lùlù, kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì sí wa, torí mi ò rí ọmọ Àyàn kankan rí tó fi pépà kọ́ dùndún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń ba èèyàn níwájú òyìnbó, a máa ń fẹ́ ṣe bí ìwé ṣe wí.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ̀ ń bọ̀, ẹ bèèrè irú orin tí wọ́n ń sọ gan-an. Wọ́n á kọ Celtic sínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín, ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ wá kọrin Nàìjíríà, fújì ni àbí àpàlà, àbí ti àwọn Íbò? Írẹ́láǹdì wà níbẹ̀, Skọ́tláǹdì wà níbẹ̀, Wales, Cornwall, erékùṣù Man, Brittany ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ará Cape Breton ní Kánádà náà tún wà, tó jẹ́ pé Skọ́tláǹdì làwọn bàbá ńlá wọn ti gbé fiddle wọkọ̀ ojú omi lọ. Ijó kan wà ní Skọ́tláǹdì tí wọ́n ń pè ní strathspey, ohùn kúkúrú á já lọ ṣíwájú, ohùn gígùn á wá tẹ̀ lé e, bí ẹni tó fẹ́ ṣubú tó tún dìde. Ẹni tó bá ti fi reel Írẹ́láǹdì dàgbà, orin ijó wọn tó ń yára lọ geere, tó wá dédé gbé strathspey kalẹ̀ láì kọ́ ọ, á dà bí ará Èkìtì tó ń díbọ́n pé Ìjẹ̀bú lòun, ọmọ onílé á ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ tún bèèrè àwọn tó ń wá, torí ìyẹn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní Miltown Malbay ní Clare, ní Írẹ́láǹdì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilé ẹ̀kọ́ sọ́mà tí wọ́n fi orúkọ olórin kan, Willie Clancy, pè, àtọdún 1973 tí ọ̀gbẹ́ni náà kú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July ló máa ń jẹ́, gbogbo ìlú kékeré yẹn ló máa ń di ilé ìwé, kíláàsì láàárọ̀, session nínú pub, ìyẹn káwọn olórin jókòó pọ̀ sílé ọtí kí wọ́n jọ máa ta á, títí ilẹ̀ á fi mọ́, tàgbà tèwe. Ní Barra ní Skọ́tláǹdì, fèis, ìyẹn àjọ̀dún tí wọ́n ti ń kọ́ni lórin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1981, ọmọ ìlú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kí orin àti èdè Gaelic má bàa kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ làwọn fèis yòókù ti kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wá débi bíi Swannanoa ní North Carolina, nínú ọgbà Warren Wilson College, àgbàlagbà tó gba líìvù níbi iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, dókítà, lọ́yà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti sanwó, wọ́n ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì akẹ́kọ̀ọ́, inú wọn dùn, eegun wọn ń dùn wọ́n. Ní Valley of the Moon tí Alasdair Fraser dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1984, ọmọdé àtàgbà ló máa ń wà pa pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á gba orin lẹ́ẹ̀mẹta á ti mọ̀ ọ́n. Dókítà ẹni ọgọ́ta ọdún á gbọ́ ọ nígbà ogún, á mọ̀ ọ́n lálẹ́, á gbàgbé ẹ̀ láàárọ̀, á sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ torí pé ẹ ṣe sùúrù fún un.

Ó kan orin tẹ́ ẹ máa kó lọ. Mẹ́fà tó. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó kéré, ẹ kó mẹ́fà lọ ṣá. Ẹ fi polka ṣáájú torí ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọ̀tún òsì ọ̀tún òsì, kò sẹ́ni tí kò lè bá a lọ, ẹ fi jig méjì, àwọn tó ń lọ ní mẹ́ta mẹ́ta, tẹ̀ lé e, reel kan tẹ́ ẹ máa ta ní pẹ̀lẹ́, waltz kan fún ọjọ́ tó bá ti rẹ gbogbo èèyàn, ọ̀kan tó kù yẹn ẹ fi pamọ́ fún kíláàsì tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú orin ijó wọn, apá méjì ló ní, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ bar mẹ́jọ, bar ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń ka ìlù orin, wọ́n á ta ìkínní lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ta ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, bar 32 nìyẹn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá ti sọ èyí fún wọn ní Mọ́ńdè, ẹ̀rù orin á ti já lọ ní ìdajì, torí wọ́n á rí i pé bar 16 péré ni nǹkan tí wọ́n fẹ́ há sórí, nínú mẹ́rìndínlógún ọ̀hún gan-an, àtúnsọ ló kún ibẹ̀.

Orin tí ohùn ìpìlẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ D tàbí G ni kẹ́ ẹ mú. Tin whistle tó wọ́pọ̀ jù, fèrè kékeré oníhò mẹ́fà yẹn, D ni ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò lè lọ sísàlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Fiddle lè sọ̀ kalẹ̀ dé G nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tó sì ti máa ń bà jẹ́ nìyẹn, tíṣà á mú orin tó dùn lórí okùn tó nípọn jù, àwọn onífèrè á jókòó, wọ́n á máa wò ó lójú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo tún bá wọn wá ọ̀nà míì lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún burú.

Kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ti gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan o. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin yìí, ẹni tó bá kọ́ èèyàn lórin láì dárúkọ ibi tó ti rí i, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n á máa wò ó bákan. Gbólóhùn kan tó, mo gbọ́ ọ lẹ́nu báyìí báyìí, ní báyìí báyìí, ó ti parí. Ṣebí àwa náà, akéwì tó bá máa ṣeré á kọ́kọ́ júbà.

Ní báyìí, bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn gan-an. Àwa ní lílé àti gbígbè, ẹ̀yin ẹ lé, kí wọ́n gbè. Ẹ ta orin náà látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé fiddle sórí itan. Àwọn kan á ti fẹ́ máa wá ohùn lábẹ́lẹ̀, ẹ rọra sọ fún wọn pé kó tíì yá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu kùn ún, ṣé ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń kùn tó bá ń fọ abọ́, irú ẹ̀ yẹn. Wọ́n á tijú. Ẹ̀yin náà ẹ kùn ún, kí ohùn yín má dáa, ìtìjú wọn á dínkù. Nǹkan téèyàn ò bá lè fi ẹnu kùn, ìka ẹ̀ ò lè rí i, mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá mu.

Ẹ wá mú bar méjì péré. Ẹ ta á, kí wọ́n ta á padà, ẹ tún ta á, kí wọ́n tún ta á, ẹ má dúró, ẹ má ṣàlàyé, kí ìlù má já. Ẹni tó bá ṣì í á tún gbọ́ ọ láìpẹ́, á tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ibi tí tíṣà tuntun ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyí, ẹnì kan á ṣi ohùn kan, tíṣà á dá gbogbo kíláàsì dúró, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa tọ́ka sí ìka ẹ̀, àwọn 14 yòókù á máa wo àjà, ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, òógùn ti bò ó. Ẹ jẹ́ ó lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí ibì kan ò bá ṣì dáa lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ gé ibẹ̀ nìkan jáde, ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ fi ṣeré, ẹ dá a padà sáàyè ẹ̀. Lẹ́yìn náà bar méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ so ó pọ̀. Apá kìíní orin kan, nǹkan bí 25 minutes ló máa gbà yín pẹ̀lú àgbàlagbà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín.

Fún onífèrè, ìka ni kẹ́ ẹ máa pè, ẹ má pe lẹ́tà. Ihò kan ní bíbò látòkè jẹ́ B, méjì jẹ́ A, mẹ́ta jẹ́ G, wọ́n á tètè mọ kan, méjì, mẹ́ta ju B, A, G lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ sókè, ìka ò yí padà, èémí ni kó le sí i, ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n má bàa máa wá ihò keje.

Pépà ńkọ́? Ẹ fún wọn ní Tọ́sìdeè. Ẹnì kan á bínú, ó máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ó máa ń sọ pé òun ò lè kọ́ nǹkan tóun ò rí. Èmi máa ń sọ ìtàn Francis O'Neill fún irú wọn. Ọmọ Cork ní Írẹ́láǹdì ni, ó di ọ̀gá pátápátá fáwọn ọlọ́pàá Chicago láti 1901 dé 1905, lọ́dún 1903 ó gbé orin 1,850 jáde nínú ìwé kan ṣoṣo, gbogbo èèyàn ló ń lò ó dòní. Ọ̀gá yìí, orí àti etí ẹ̀ ló kó orin sí, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní James O'Neill ló jókòó tì í tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìwé tó tóbi jù nígbà yẹn, etí ló bí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fóònù gbà á sílẹ̀ dípò pépà, ẹ ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ ní ìparí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ta á ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ta á bó ṣe yẹ kó yá lẹ́ẹ̀kan, ẹ dárúkọ ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí tó bá di oṣù December, fáìlì 40 ló máa wà lórí fóònù yẹn tí ò lórúkọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìlù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ n fẹ ẹ̀ lójú díẹ̀. Jig, 6/8 ni wọ́n ń kà á, DÁ-da-da DÁ-da-da, bar méjì jẹ́ 12. Agogo tiwa tó ń dún kón kón kóló kón kóló, 12 náà ni. Ìyẹn ni pé agogo yẹn jókòó sórí bar méjì jig kan gẹ́lẹ́, kò ṣẹ́kù, kò dín. Mo dán an wò lọ́dún kan, kíláàsì ti sú wọn, ní Wẹ́sìdeè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí ìdajì máa pàtẹ́wọ́ kón kón kóló, kí ìdajì máa ta jig tá a ti kọ́, ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jọ nǹkan, nígbà tó wá jọ ọ́, ẹ ò rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé nǹkan kan náà ni o, kì í ṣe nǹkan kan náà. Jig fẹ́ kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sórí ìkínní nínú mẹ́ta mẹ́ta, agogo wa ń fò kọjá lórí ẹ̀, àwa náà máa ń fẹ́ fi nǹkan sí ibi tí ẹsẹ̀ ò sí, ìyẹn ló máa ń kó wa sí wàhálà. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní jig sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìlù mi dùn gan-an, àmọ́ kò sí oníjó Írẹ́láǹdì kankan tó máa lè fi ẹsẹ̀ balẹ̀ sórí ẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo lọ jókòó síbi táwọn oníjó ti ń kọ́ ijó, mo wo ẹsẹ̀ wọn odindi ọ̀sán, mo padà wá bẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá bá slip jig pàdé, 9/8 nìyẹn, mẹ́sàn-án ni bar ẹ̀, agogo oní 12 ò lè jókòó sórí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé agogo sílẹ̀.

Tí ẹnu bá lè ṣe iṣẹ́ irinṣẹ́, ẹ lò ó. Àwọn ará Írẹ́láǹdì máa ń fi ẹnu dá orin ijó, wọ́n ń pè é ní lilting, àwọn ará Skọ́tláǹdì ní puirt à beul tó ní ọ̀rọ̀ Gaelic nínú, àwọn afọn-bagpipe, fèrè alápò yẹn, ní canntaireachd, ìyẹn ni pé wọ́n ní sílébù fún ohùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á kọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ iṣẹ́ á fi ìka ṣe é. Ẹni tó bá mọ bí onídùndún ṣe ń fi ẹnu pe ìlù fún ọmọ ẹ̀ kó tó fún un ní kọ̀ǹgọ́ kò nílò àlàyé kankan. Iyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa ń sọ̀rọ̀ gidi, tiwọn, ohùn lásán ló pọ̀ níbẹ̀.

Bodhrán ńkọ́, ìlù pẹlẹbẹ onígi tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe? Ẹni tó bá ti rí sákárà rí ti mọ̀ ọ́n ní ìdajì. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ sákárà, igi ni ti bodhrán, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ òsì, lábẹ́ awọ ló wà nínú méjèèjì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u sílẹ̀, ohùn ń lọ sókè sódò. Bàbá mi tó jẹ́ pé Yusuf Olatunji nìkan ló ń gbọ́, mo fi fídíò bodhrán hàn án, ó wò ó dáadáa, ó ní ta ló jí sákárà wa. Ojú ọjọ́ á dà yín láàmú, tí òjò bá rọ̀ awọ á dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ awọ á le á máa dún bí agolo. Tó bá dẹ̀, ẹ sún un mọ́ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí a ṣe ń sá ìlù sóòrùn náà ni, tó bá le jù, ẹ fi omi díẹ̀ pa á lẹ́yìn, díẹ̀ ni mo wí. Kẹ́ ẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ní session, bodhrán kan ti tó, ẹni tó bá bá ẹlòmíì tó ń lù ú lọ́wọ́ kó jókòó, kó gbọ́, kó dúró de ìgbà tiẹ̀. Gìtá náà bẹ́ẹ̀, gìtá méjì tó ń ta kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á ba orin jẹ́ ju ìlù mẹ́wàá lọ.

Ọ̀ṣọ́ orin, àwọn nǹkan bíi cut àti roll, ẹ má fọwọ́ kàn án kó tó di Wẹ́sìdeè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹni tí kò tíì mọ ọbẹ̀ sè, iyọ̀ kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Cut, ìka kan á fò sókè kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, kì í ṣe ohùn, ariwo kékeré ni. Roll jẹ́ ohùn kan tẹ́ ẹ gé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan látòkè, lẹ́ẹ̀kan látìsàlẹ̀. Ẹ kọ́ cut nìkan, ẹ fi sí ibì kan ṣoṣo nínú orin kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á wá bá yín níbi oúnjẹ.

Oúnjẹ dé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìta kíláàsì, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń wo tíṣà. Gbogbo èèyàn jọ ń jẹun ni, ẹ máa jókòó ti àjèjì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọ́n á bi yín báwo lẹ ṣe dénú orin yìí. Wọ́n á bi yín lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní èrò burúkú, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni, ẹ ní ìdáhùn kúkúrú kan tẹ́ ẹ ti há sórí, tèmi ni pé mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ó rán mi létí gòjé, mo sì ra fiddle, ó parí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi na iyọ̀. Ẹ má ná ìṣẹ́jú kan nínú kíláàsì lórí ẹ̀. Nínú kíláàsì, bẹ́ ẹ ṣe ń ta á ló ń dáhùn.

Alẹ́ ni session, alẹ́ ló sì ń pa tíṣà. Mọ́ńdè dé Túsìdeè ẹ lè jókòó dé aago méjì òru, ọjọ́ kẹta lẹ máa mọ̀ ọ́n. Èmi máa ń yan òru méjì péré, àwọn òru yòókù mo máa ń lọ síbi slow session, níbi tí wọ́n ti ń ta á ní pẹ̀lẹ́, torí ibẹ̀ làwọn tí mo kọ́ láàárọ̀ wà, wọ́n nílò ẹni tó máa bá wọn bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n mọ̀. Kò sí nǹkan tó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kí tíṣà bẹ̀rẹ̀ orin Mọ́ńdè ní session, kó sì wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbé ata gbígbẹ lọ. Tó bá jẹ́ Skọ́tláǹdì, ẹ wá oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní midge, kò tó orí abẹ́rẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde, á jẹ yín débi tẹ́ ẹ máa fi ju ọrun fiddle sílẹ̀.

Kíláàsì yín ò ní dọ́gba, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á ti ta fiddle fún 30 ọdún nínú ọkẹ́sírà, ẹlòmíì ra tiẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ti ọkẹ́sírà yẹn, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, òun gan-an lẹ̀rù ń bà, wọ́n ti gba pépà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fún un ní ohùn kejì kó máa wá a fúnra ẹ̀. Ẹni tuntun yẹn, ẹ ní kó máa ta ohùn àkọ́kọ́ nínú bar kọ̀ọ̀kan nìkan, kó fi etí gba èyí tó kù, tó bá di Tọ́sìdeè á ti máa já méjì mẹ́ta mọ́ ọn. Títún okùn ṣe ló máa ń jẹ àkókò, fiddle 15 nínú yàrá kan, ẹ ní kí wọ́n dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ẹ̀yin ẹ ti dé níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú.

Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìwà wà tí wọ́n máa béèrè, DBS ní England, PVG ní Skọ́tláǹdì, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá, kí ilẹ̀kùn ṣí. Owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló ń san ọkọ̀ òfúrufú, ṣé yàrá tiyín nìkan ni àbí ẹ máa bá onídùùrù tó ń hanrun pín in. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹni tó bá ní ọrun fiddle àtijọ́ tí wọ́n fi eyín erin sí lórí, kó fi í sílé, kó gbé èyí tí kò ní wàhálà ní bọ́dà.

Fúráìdé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣeré níwájú gbogbo èèyàn. Orin méjì, polka kan àti jig kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ torí àyà á mú un yára fúnra ẹ̀. Ẹ dúró síbi tí wọ́n ti lè rí ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ sì ta á jẹ́jẹ́ kí ohùn tiwọn lè borí tiyín.

Sátidé, gbogbo èèyàn á dìmọ́ra, wọ́n á kó ẹrù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún pépà 22 yẹn, orin mẹ́fà ni mo kó lọ, márùn-ún la débẹ̀. Ìyá onírun funfun yẹn padà wá. Mo rí i níbi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó jókòó sórí báàgì ẹ̀, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn, ó ń kùn jig ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lu ilẹ̀. Apá kejì ò pé, ohùn kan ti yẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbé e lọ sókè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo jókòó sórí ẹrù tèmi, mo bá a kùn ún bó ṣe ń kùn ún títí bọ́ọ̀sì fi dé.